Àwọn Orin Tí Michael Jackson Kò Parí: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a kọ àròkọ kúkúrú kan lórí Michael, àwo orin tí ilé iṣẹ́ Sony gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn tí Michael Jackson jáde láyé ní ìlú Los Angeles ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2009. Lẹ́tà tó ti ọ̀dọ̀ yín wá lórí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Àwọn kan bínú pé a gbè sẹ́yìn ilé iṣẹ́ agbórinjáde, àwọn mìíràn sì bínú pé a ba ilé iṣẹ́ náà lórúkọ jẹ́, èyí tó mú kí n fura pé a kò ṣe ojúsàájú púpọ̀. Mo yan àwọn ìbéèrè tó dá lórí orin tí ó fi sílẹ̀ láìparí àti èyí tó parí ṣùgbọ́n tí kò gbé jáde, mo sì gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Ìlú tí a ti kọ̀wé nìkan ni mo fi hàn, n kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Láti Ìbàdàn: *Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun kan ń rú mi lójú. Báwo ni olórin tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi orin rẹpẹtẹ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́? Ṣé àwọn orin tí kò dára ni, tàbí ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí ó parí wọn?*

Ẹ kúkú yọ ti ọ̀lẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ wo bí àwọn àwo rẹ̀ ṣe ń jáde: Off the Wall ní 1979, Thriller ní 1982, Bad ní 1987, Dangerous ní 1991, HIStory ní 1995, Invincible ní 2001. Orin mẹ́wàá ló wà nínú Off the Wall, mẹ́sàn-án péré ló sì wà nínú Thriller. Láàrín àwo kan sí òmíràn, ọkùnrin yìí kì í jìnnà sí sítúdíò. Ó ń kọ orin, ó ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń tú u palẹ̀, ó ń tún un tò, ó sì ń mú orin kan wé òmíràn títí yóò fi ku ìwọ̀nba tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Orin tí kò yege nínú irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ lè dára ju èyí tí olórin mìíràn fi ṣe odidi àwo lọ.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ orin tún dá kún un. Kì í kọ àmì orin sórí ìwé. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí: á fi ẹnu ṣe ìlù, á fi ẹnu ṣe gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, á lé orin, á sì tún gbè é fúnra rẹ̀ ní oríṣiríṣi ohùn tó tò léra wọn, kí àwọn onílù àti onígìtá tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí, kí ó wá sídì kejì nínú àwo This Is It ti ọdún 2009, kí ó gbọ́ dẹ́mò Beat It, ìyẹn ìgbasílẹ̀ tó kọ́kọ́ fi dán orin náà wò: ohùn rẹ̀ lórí ohùn rẹ̀ ni, ohun èlò kankan kò sí níbẹ̀. Sítúdíò kan wà nínú ilé ìdílé wọn ní Encino, ní ìpínlẹ̀ California, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú dẹ́mò bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé orin kan kò parí, ó yẹ kí a béèrè ibi tí ó bá a dé. Ṣé ègbè nìkan ló wà, tí ẹsẹ̀ orin kò tíì ní ọ̀rọ̀? Ṣé ó ti lé e tán, tó sì ku ìlù? Àbí gbogbo rẹ̀ ti pé, tí kò kàn rí ààyè nínú àwo tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́? Àwọn olólùfẹ́ máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n, ibẹ̀ sì ni ìjà wọn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé orin tó bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í ṣe orin tó ti kọ̀. Earth Song ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Dangerous tó jáde, ṣùgbọ́n inú HIStory ni a ti gbọ́ ọ ní 1995. Àsìkò Dangerous kan náà ni òun àti Teddy Riley bẹ̀rẹ̀ Blood on the Dance Floor, ọdún 1997 ló sì tó dé etí wa. Ká ní ó kú ní 1994 ni, orin méjèèjì yìí ni à bá máa pè ní orin tí Michael Jackson pa tì.

Láti Òṣogbo: *Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn tààrà, ẹ má yí i po. Ṣé ohùn Michael ló wà nínú Breaking News tàbí kì í ṣe ohùn rẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ní Sony fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ ní ilé ẹjọ́ pé ayédèrú ni.*

Sony kò jẹ́wọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti gbọ́ ọ, màá sì débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti ìbẹ̀rẹ̀ wá, nítorí ìtàn yìí lọ́jú pọ̀.

Orin mẹ́ta ni ìjà náà dá lé lórí: Breaking News, Monster, àti Keep Your Head Up. Àwọn tó mú wọn wá sọ pé ọdún 2007 ni Michael kọ wọ́n nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé Cascio, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtọjọ́mọ́jọ́ ní New Jersey, ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orin Cascio. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, kí àwo náà tó dé ọjà, wọ́n fi Breaking News sí ojú òpó Michael Jackson lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni ariwo sọ. Katherine, ìyá Michael, àti díẹ̀ lára àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sọ pé àwọn kò gbà pé òun ló ń kọrin. Àwọn olólùfẹ́ tó ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kékeré ní ohùn inú orin náà ń gbọ̀n ní ìparí ìlà lọ́nà tí ti Michael kì í gbà gbọ̀n, wọ́n sì ní ó ṣàjèjì sí àwọn pé kí ó máa pe orúkọ ara rẹ̀ tán pátápátá láàárín orin. Howard Weitzman, agbẹjọ́rò àwọn alábòójútó ogún rẹ̀, dáhùn pé àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní sítúdíò fún ọ̀pọ̀ ọdún ti gbọ́ ọ, pé àwọn onímọ̀ nípa ohùn pẹ̀lú ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé gbogbo wọn ló fẹnu kò pé òun ni.

Ní 2014, obìnrin olólùfẹ́ kan tó ń jẹ́ Vera Serova pe ẹjọ́ ní California ní orúkọ ara rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn tó fi owó ra àwo náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ìbéèrè òfin nìkan ni Serova àti Sony fẹ́ kí adájọ́ kọ́kọ́ yanjú, nítorí náà wọ́n fẹnu kò pé, fún ti ìgbẹ́jọ́ yẹn nìkan, kí a mú un bí ẹni pé ohùn náà kì í ṣe ti Michael, kí a wá wò ó bóyá Sony jẹ̀bi bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn “bí ẹni pé” yìí ni àwọn oníròyìn kan gbé jù sẹ́yìn ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, tí wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà pé Sony ti jẹ́wọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ nìyẹn. Agbẹjọ́rò Sony sẹ́ ẹ kíákíá, ṣùgbọ́n ìròyìn tó dùn ti sáré kọjá ìsẹ́ tí kò dùn.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Sony láre ní ọdún yẹn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ California yí ìdájọ́ náà padà, ó ní ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò bá kọ sára ọjà àti èyí tó fi polówó rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òwò, òǹrajà sì lè pè é lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Serova àti Sony yanjú ọ̀rọ̀ láàrín ara wọn. Ṣáájú ìdájọ́ yẹn, ní àárín ọdún 2022, wọ́n ti yọ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí àwọn ìkànnì tí a ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ pé yíyọ náà kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bóyá ohùn rẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ohùn rẹ̀. Kò sí adájọ́ kankan tó jókòó tì í títí tó fi sọ ẹni tó lé orin náà.

Ẹ ní kí n dáhùn tààrà. Etí tèmi kò gbà pé Michael ló lé Monster láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n etí kì í ṣe ẹ̀rí, pàápàá lórí ohùn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún ṣe, tí wọ́n sì ti fi ègbè àti ariwo ìlù bò mọ́lẹ̀. Ohun tí mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé iṣẹ́ náà ni pé kò fún wa ní ìgbasílẹ̀ òfìfo, èyí tí ohùn nìkan wà nínú rẹ̀, kí àwa tí a fi owó ra àwo lè fi etí ara wa wọn ọ́n.

Láti London: *Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ràn Love Never Felt So Good tí Justin Timberlake bá Michael kọ. Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ní aṣọ òde ni wọ́n ń wọ̀ fún òkú. Ẹ bá wa dá sí i.*

Ẹ bá mi kí bàbá. Inú àwo Xscape, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ni orin yìí ti wá. L.A. Reid tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ Epic nígbà náà ló darí iṣẹ́ náà, ó sì wá àwọn orin tí Michael ti lé tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kó wọn fún Timbaland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì yọ ohun èlò àtijọ́ kúrò, wọ́n fi ohùn sílẹ̀, wọ́n sì to ìlù tuntun yí i ká. Orin mẹ́jọ péré ni. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwo ọdún 2010 ni pé ẹ̀dà rẹ̀ tó gbòòrò kó orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí wọ́n ṣe tún un ṣe, àti bí wọ́n ṣe bá a nínú àpótí. Ẹni tí ìlù tuntun kò bá wù lè fò ó.

Love Never Felt So Good gan-an fi hàn pé bàbá yín kò ṣì sọ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ọ tán. Ọdún 1983 ni Michael àti Paul Anka, olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, kọ ọ́. Dùùrù ni, àti ìka tí Michael ń ta, àti ohùn tó ń fò bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Johnny Mathis gbé e jáde ní 1984, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Nígbà tí ti Michael wá jáde ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó dé ipò kẹsàn-án lórí Billboard Hot 100, àtẹ àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ di olórin àkọ́kọ́ tí orin rẹ̀ wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ náà ní ẹ̀wádún márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí ohùn yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n fi kún un dúró lé. Kí ẹ̀yin àti bàbá jọ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ fi ẹ̀dà onídùùrù sí i; bí wọ́n bá ṣì ní aṣọ òde ni, a jẹ́ pé ẹjọ́ ti parí, wọ́n jàre.

Kì í ṣe gbogbo Xscape ni mo gbè lẹ́yìn. Ìlù tuntun tí wọ́n fi sí Blue Gangsta ń bá ohùn jà, mo sì fẹ́ràn ti àtijọ́ jù ú lọ fíìfíì. Ní ti Chicago, tí Cory Rooney kọ, Timbaland ló ṣe dáadáa jù: ó jẹ́ kí ohùn jẹ́jẹ́ tí Michael fi kọ ẹsẹ̀ orin àti ohùn líle tó fi kọ ègbè yàtọ̀ sí ara wọn gédégédé. Ẹ kò ní mọ èyí bí ẹ kò bá ní ẹ̀dà méjèèjì lọ́wọ́.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde: *Owó orin tí olórin fi sílẹ̀ láìparí, ta ló ni ín? Mo gbọ́ pé Paul Anka fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́.*

Ẹni tó kọ orin ló ni owó orin kíkọ, yálà ó kú tàbí ó wà láàyè, ẹni tó bá sì jọ kọ ọ́ ní ìpín tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Paul Anka kò dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, wọ́n gbé orin kan jáde tí wọ́n pè ní This Is It, láti bá fíìmù tí wọ́n fi ìdánrawò Michael ṣe rìn, ìyẹn ìdánrawò fún eré 50 tí ì bá ṣe ní O2 Arena ní London. Kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn Michael àti dùùrù nìkan wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n fi ègbè àwọn arákùnrin rẹ̀ kún un, wọ́n sì gbé e síta bí ẹni pé orin tuntun ni. Kíá ni Paul Anka ké gbàjarè. Òun àti Michael ni wọ́n jọ kọ ọ́ ní 1983, I Never Heard ni wọ́n ń pè é nígbà náà, akọrin kan tó ń jẹ́ Safire sì ti kọ ọ́ sínú àwo ní 1991. Àwọn alábòójútó ogún gbà láìjanpata pé òótọ́ ló sọ, wọ́n sì fún un ní ìdajì. N kò lè fi ìyẹn bú wọn, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí ó ṣe rọrùn tó láti rí kásẹ́ẹ̀tì, kí a má sì mọ ìtàn rẹ̀.

Nígbà mìíràn, owó gan-an ló ń fa àìjáde. Ẹgbẹ́ Yellow Magic Orchestra ti ilẹ̀ Japan gbé Behind the Mask jáde ní 1979. Ryuichi Sakamoto ló kọ orin náà. Michael fi ọ̀rọ̀ àti ohùn tuntun kún un ní àsìkò Thriller, ṣùgbọ́n àdéhùn lórí pínpín owó kò bọ́ sí i, orin náà sì wọlé sùn. Greg Phillinganes, tó máa ń tẹ dùùrù fún Michael, kọ ọ́ síta ní 1985. Eric Clapton tẹ̀ lé e ní 1986. Inú àwo ọdún 2010 ni ayé tó gbọ́ ti Michael fúnra rẹ̀, nígbà tó ti kú.

Láti Abẹ́òkúta: *Olóòtú, ọmọ mi, ìyá àgbà ni mí, ṣùgbọ́n mo jó Thriller nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì gbé mi. Ọkùnrin yẹn kì í fi iṣẹ́ àbọ̀ hàn ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí orin rẹ̀ bá a sinmi. Ṣé ẹnikẹ́ni yọ ti Fela wa jáde báyìí?*

Ẹ kú àgbà, mà. Ẹsẹ̀ yín á tún gbé yín jó o. Ẹ jẹ́ kí n yapa sí yín níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ àbọ̀ hàn wá nígbà tó wà láàyè. Nígbà tí wọ́n tún àwọn àwo rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2001, dẹ́mò Billie Jean tó ṣe nílé ní 1981 wà nínú Thriller, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ ọ yóò gbọ́ ibi tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ láti kọ, tó ń kùn ún lásán, tó ń fi ohùn wá ibi tí ọ̀rọ̀ yóò jókòó sí. Ní 2004, àkójọ The Ultimate Collection gbé àwọn dẹ́mò mìíràn jáde, títí kan ti We Are the World. Nítorí náà, kò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún fífi irú rẹ̀ hàn. Ohun tí mo rò pé kò ní gbà ni kí ẹlòmíràn parí orin rẹ̀, kí a sì pè é ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún 25 Bad ní 2012, wọ́n gbé àwọn dẹ́mò bíi Don't Be Messin' 'Round àti I'm So Blue jáde bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀, láìfi ọwọ́ kàn án, ariwo kankan kò sì sọ láàárín àwọn olólùfẹ́.

Ti Fela gba ọ̀nà mìíràn. Fela kì í fẹ́ ṣe orin tó bá ti wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ lórí ìtàgé, èyí tó túmọ̀ sí pé orin tí kò tíì jáde gan-an ni àwọn tó ń lọ sí Shrine ní Ìkẹjà ń gbọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Underground System ti 1992 ló gbé jáde kẹ́yìn kí ó tó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ mọ Government of Crooks àti àwọn mìíràn bí ẹni mọ owó. Orin Fela tí kò jáde ní ẹlẹ́rìí rẹpẹtẹ. Ti Michael, àwọn díẹ̀ tó wà ní sítúdíò lọ́jọ́ náà nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ̀, bí àwọn wọ̀nyẹn kò bá sì fẹnu kò, ibi tí orin Cascio já sí náà ni yóò já sí.

Láti Àkúrẹ́: *Ọ̀rẹ́ kan fi orin Michael kan tí kò tíì jáde ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n gbọ́ ọ? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ojúlówó ni?*

Ti ẹ̀ṣẹ̀, ẹ bi àlùfáà yín. Ní ti òfin, ẹni tó jí orin náà gbé ni wọ́n ń wá. Jíjò orin kò tilẹ̀ dúró de ikú rẹ̀: Hold My Hand tí òun àti Akon kọ ti jò sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2008, nígbà tí Michael ṣì wà láàyè, kí wọ́n tó parí rẹ̀ sínú àwo ọdún 2010. Ní 2011, ọ̀dọ́kùnrin méjì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ inú kọ̀ǹpútà Sony lọ́nà ẹ̀bùrú, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì lọ, orin Michael tí kò tíì jáde wà lára wọn. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Leicester dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún wọn, ó so ẹ̀wọ̀n náà rọ̀, tó túmọ̀ sí pé wọn kò ní wọ ẹ̀wọ̀n bí wọn kò bá tún ṣẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi 100 wákàtí ṣe iṣẹ́ ìlú láìgba owó.

Ìbéèrè yín kejì le ju àkọ́kọ́ lọ. Láyé àtijọ́, aláfarawé tó bá fẹ́ tàn yín ní láti mọ orin kọ. Ní báyìí, ẹ̀rọ wà tí ó lè fi ohùn Michael kọ ohunkóhun tí a bá kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi dídùn ohùn dájọ́. Ẹ béèrè ìtàn orin náà: ọdún wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀, sítúdíò wo, ta ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ǹjẹ́ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti dárúkọ rẹ̀ rí kí ó tó jò? Ojúlówó sábà máa ń ní orúkọ nínú ẹ̀rí àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Èyí tó kàn ṣàdédé yọ, tí kò ní ọdún, tí kò ní ibi tí wọ́n ti ṣe é, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní láìsí èémí, láìsí ìka títa, láìsí ẹsẹ̀ tó ń tẹlẹ̀, èmi kò ní fi dátà mi gbà á.

Láti Èkó: *Ṣé òótọ́ ni pé òun àti Freddie Mercury jọ kọrin?*

Òótọ́ ni. Orin mẹ́ta ni òun àti Freddie, akọrin ẹgbẹ́ Queen, jọ ṣe ní 1983, ní ilé Michael ní Encino, wọn kò sì parí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, State of Shock, di èyí tí Michael àti Mick Jagger kọ sínú àwo Victory ti àwọn Jacksons ní 1984. Òmíràn, There Must Be More to Life Than This, Freddie nìkan ló kọ ọ́ sínú àwo tirẹ̀ ní 1985. Ohùn àwọn méjèèjì kò pàdé lórí àwo àfi ní 2014, nínú Queen Forever, àwo ẹgbẹ́ Queen, nígbà tí àwọn méjèèjì ti kú. Èyí tó kù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Victory, ṣì wà nínú àpótí.

Láti Ilé-Ifẹ̀: *Mo ra sídì Michael ní ọdún tó jáde. Nígbà tí wọ́n ti yọ orin mẹ́ta nínú rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí n jù ú nù ni, tàbí kí n béèrè owó mi padà?*

Ẹ má jù ú nù. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, méje kò sì ní àríyànjiyàn ohùn nínú. Much Too Soon wà níbẹ̀, orin tí ó ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn nínú àwo náà lọ, nítorí wọn kò fi ìlù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní ti owó, n kò rí ẹni tí ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ifẹ̀. Ẹjọ́ California ti parí láàrín àwọn tó jà á.

Ṣùgbọ́n ẹ yí páálí sídì náà padà, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orin mẹ́sàn-án tí ayé kò tíì gbọ́ rí, tí Michael Jackson fi ohùn ara rẹ̀ kọ, ló wà nínú àwo náà, àti pé láìpẹ́ ni wọ́n parí wọn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ, kì í ṣe mẹ́wàá, nítorí ìkẹwàá ti jáde ní ẹ̀dà mìíràn nínú The Ultimate Collection. Gbólóhùn ẹ̀yìn páálí yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ ṣe ẹjọ́ lé lórí láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn.